Òjò Orí Páànù Lẹ́nu Iṣẹ́

Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ohùn àwọn tó wà ní yàrá kejì á rì sínú rẹ̀. Òjò náà pariwo jù wọ́n lọ fíìfíì, síbẹ̀ ọmọ ilé-ìwé ń kàwé lọ, ẹni tó ń ṣírò owó náà ń ṣírò lọ. Ẹ wá jẹ́ kí òjò dá, kí ẹni méjì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ògiri: ojú ìlà kan ṣoṣo lèèyàn á máa tún kà. Líle ariwo nìkan kọ́ ló ń gba ọkàn ẹni. Èyí tó ń yí padà ṣáá ló burú jù, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni olórí wọn.

Lọ́dún 1976, àwọn olùwádìí méjì, Colle àti Welsh, ní kí àwọn èèyàn há lẹ́tà sórí nígbà tí èdè tí wọn kò gbọ́ ń dún sí wọn létí. Wọ́n ní kí wọ́n má kọbi ara sí i, síbẹ̀ àṣìṣe wọn pọ̀ sí i. Torí náà, ẹni tó ní òun ò gbọ́ èdè àwọn tó jókòó ti òun ṣì ń san owó orí rẹ̀. Ohun tí ìró abẹ́lẹ̀, ìyẹn ìró bíi ti òjò tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ń tàn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ń ṣe ni pé ó ń fi ìró tó lọ gbọọrọ bo ìró tó ń lọ sókè sódò mọ́lẹ̀.

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa bá fún irú ìró bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. White noise ń ta ṣáá bí epo tí àkàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀. Ó máa ń gún àwọn mìíràn létí. Pink noise rọ̀ jù ú lọ, ó dà bí òjò ńlá. Brown noise ń kùn nísàlẹ̀ bí omi tó ń ya lórí àpáta lókèèrè. (Brown yìí kì í ṣe àwọ̀ o, orúkọ Robert Brown, ará Scotland, ni.) Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ fẹ́ bò, pink noise tàbí òjò ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni fólúùmù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ máa dé ibì kan tẹ́ ẹ ṣì ń gbọ́ pé ẹnì kan ń fọhùn, àmọ́ tẹ́ ò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Ẹ dúró síbẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì kì í sábà kọjá dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n líle ìró) 40 sí 48. Bẹ́ ẹ bá gbé e sókè títí ohùn wọn fi pòórá pátápátá, tó bá máa fi di ọ̀sán, ìró náà fúnra rẹ̀ á ti di ẹrù.

Ẹ má gbé sípíkà síwájú ojú. Ẹ gbé e sí igun yàrá, kó kọjú sí ògiri, kí ìró rẹ̀ lè tàn káàkiri. Sípíkà inú fóònù kò lè gbé brown noise. Ẹni tó bá fipá mú un á kàn gbọ́ gbígbọ̀n ni. Bí iná bá wà, fáànù lásán ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ tì í kó má yíjú kiri. Bó bá ń yíjú, ìró rẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀, etí á sì máa tẹ̀ lé e.

Fáìlì tó kúrú, tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, náà ń bà á jẹ́. Bí ẹyẹ kan bá ké ní gbogbo ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn ìgbà kẹwàá ọkàn á ti máa dúró dè é. Ẹ wá èyí tó gùn tó wákàtí kan, tí kò ní àrá, tí kò ní ẹyẹ, kẹ́ ẹ sì dà á sórí fóònù, torí ìpolówó ọjà kan ṣoṣo tó bá já lu òjò yín ti da iṣẹ́ rú. Bí ìró bá ń wọlé ní 128 kbps (ìwọ̀n dátà tó ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), wákàtí kan ń jẹ dátà bíi 58 MB. Lórí iPhone, láti iOS 15 tó jáde lọ́dún 2021, òjò, òkun àti odò ti wà nínú Settings, lábẹ́ Accessibility, níbi Background Sounds.

Orin ńkọ́? Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti kíkà tàbí kíkọ, ẹ yẹra fún olórin tó ń kọrin. Wọ́n á ní orin tí kò ní akọrin ò léwu. Bí gángan bá wà nínú rẹ̀, ó léwu fún ọmọ Yorùbá: ohun tí ìlù ń sọ á máa yé yín, ọ̀rọ̀ sì ni.

Ẹ má fi òjò bo jẹnẹrétọ̀. Ìró tiẹ̀ ti lọ gbọọrọ tẹ́lẹ̀, ó kàn le jù ni, ohun tó bá sì máa bò ó gbọ́dọ̀ le jù ú lọ. Jíjìn ni oògùn rẹ̀: ní gbangba, bí jíjìn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì bíi 6 á kúrò níbẹ̀. Kò sídìí tó fi yẹ kó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí gáàsì tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn. Íapíìsì tó ń pa ariwo dára fún irú kíkùn bẹ́ẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí NEPA bá wá mú iná dé, ẹ rántí dín fólúùmù kù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fi dẹ́síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òdiwọ̀n fún àgbàlagbà. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ íapíìsì, ẹ ti kọjá ààlà. Ẹ máa pa ìró náà fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 50. Bí másùnmáwo bá ti pọ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 yẹn dijú, kẹ́ ẹ fa èémí sínú ní kíkà 4, kẹ́ ẹ mí síta ní kíkà 6.

Kò bá gbogbo èèyàn mu. Nínú ìwádìí kan tí Söderlund àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Sweden lọ́dún 2007, ariwo ran àwọn ọmọ tó ní ADHD (ìṣòro tí kì í jẹ́ kéèyàn lè pọkàn pọ̀) lọ́wọ́, ó sì fa àwọn tí kò ní in sẹ́yìn. Ẹ fi iṣẹ́ kan náà dán an wò, ọjọ́ 3 pẹ̀lú ìró, ọjọ́ 3 láìsí i, kẹ́ ẹ máa ka àṣìṣe àti ìṣẹ́jú. Ẹni tí yàrá rẹ̀ ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ lè má nílò nǹkan kan.