Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe ni iṣẹ́ mítà mọ́tò ti wá n'Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ n ti sọ ibi tí mo dúró sí: iṣẹ́ títún sípídómítà àti géèjì mọ́tò àtijọ́ ṣe kì í ṣe ọmọ rẹwáyà, kì í sì í ṣe ọmọ mẹkáníìkì. Ọmọ àwọn tó ń tún aago ṣe ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní yẹ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ tú mítà mọ́tò Morris Minor kan kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀. Wáyà kébù tó ti ara gíábọ́ọ̀sì wá ló ń yí mágínẹ́ẹ̀tì, mágínẹ́ẹ̀tì ò fara kan ife alumíníọ̀mù tó bò ó, síbẹ̀ bó ṣe ń yí ló ń fà á tẹ̀lé ara ẹ̀, sípíríìǹgì tín-ín-rín tó ká bí ìkarahun ìgbín á máa dá a padà, ibi tí agbára àwọn méjèèjì bá ti dọ́gba ni ọwọ́ mítà máa dúró sí. Irú sípíríìǹgì tó wà nínú aago ọwọ́ nìyẹn. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ẹ̀ tí ò fi ní lọ́, ṣé rẹwáyà tó ń fi pínláyà fa wáyà ni?

Kódà l'Òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ló rí. Otto Schulze ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì yìí lọ́dún 1902 ní Strasbourg, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà yẹn. Àmọ́ àwọn wo ló sọ ọ́ di iṣẹ́? Smiths ti Lọ́ńdọ̀nù, ṣọ́ọ̀bù aago ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1851. Jaeger ti Paris náà, aago ló ń ṣe.

Ká wá padà sílé. Kí mọ́tò tó dé, àwọn baba wa ti ń wọn ọ̀nà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn, ibùsọ̀: ibi tí aláàárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi ni, òun la wá ń pe máìlì. Ẹsẹ̀ àti ọrùn aláàárù ni mítà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Aago náà ńkọ́? Ara agogo ló ti jáde, agogo tí wọ́n ń lù. Nítorí náà nígbà tí reluwé wọ Ìbàdàn lọ́dún 1901, tí gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago rìn, ó dá mi lójú pé ẹ̀bá téṣàn ní Dùgbẹ̀ ni àwọn tó ń tún aago ṣe á ti tẹ́ tábìlì wọn. Owó kòkó wá dé, àwọn ọlọ́rọ̀ ra mọ́tò. Ẹ fojú inú wò ó, ọwọ́ mítà Austin bàbá kan dúró sí 40 bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò wà nílẹ̀, mẹkáníìkì ní òun ò lè fọwọ́ kan nǹkan tó wẹ́ tó báyìí, tábìlì tó kàn ni ti alaago tó ti há awò mójú. Mo gbà pé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará Èkó ní ọ̀dọ̀ àwọn ló ti wá, wọn ò rí nǹkan kan fi hàn mí rí.

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ l'Òkè-Àdó, aago làwọn náà kọ́kọ́ kọ́. Tí mo bá sún mọ́ sípíríìǹgì jù, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, má mí sí i!" Tí wọ́n bá tún mítà tán, wọ́n á jókòó ti olówó mọ́tò, aago lọ́wọ́, láti òkúta máìlì kan sí èkejì lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Bí máìlì yẹn bá gba ìṣẹ́jú kan géérégé, ọwọ́ mítà gbọ́dọ̀ wà lórí 60, bí kò bá sí níbẹ̀, ó di orí tábìlì padà. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi pé gíríìsì tó pọ̀ jù lára kébù máa ń gòkè wọnú ife, òun ló sì ń mú ọwọ́ mítà lẹ̀ mọ́ òkè. Nọ́ńbà tí oòrùn ti pa, búrọ́ọ̀ṣì tí irun ẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

Ìyókù ò lọ títí. Ní 2 April 1972 a kúrò ní wíwa mọ́tò lọ́wọ́ òsì títì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, lọ́dún 1975 Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot, Èkó ń to Volkswagen, kílómítà gba ipò máìlì, tòkunbọ̀ dé, mítà di ti kọ̀ǹpútà. Àwọn kan wá ń fa kílómítà sẹ́yìn kí mọ́tò lè tà, èmi kì í gba irú iṣẹ́ yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbé mítà Volkswagen ìjàpá kan wá bá mi láti Àràròmí, sípíríìǹgì ẹ̀ ti lọ́ pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀mú aago bàbá ni mo fi tọ́ ọ, ó gbà mí ní ọ̀sán kan gbáko.