Kilóríìnì: láti orí aṣọ dé inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́

Kí omi ẹ̀rọ tó wọ ilé wa ní Ìlọrin, inú àmù ni omi mímu ń gbé, irú èyí tí àwọn obìnrin Dada ní Òkèlele ń mọ. Bí omi kànga bá pọ́n wá, ìyá àgbà á fi álọ́ọ̀mù rò ó, á dé e. Kí ilẹ̀ tó mọ́, erùpẹ̀ ti walẹ̀, omi ti tòrò. Àmọ́ omi tó mọ́ lójú lè ní àrùn nínú. Ibẹ̀ ni kilóríìnì, tó ń pa kòkòrò àrùn inú omi, ti wúlò.

Omi kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún, aṣọ ni. Ní 1774, ní Sweden, Carl Wilhelm Scheele da ásíìdì lu òkúta dúdú kan, gáàsì tó ń ta nímú sì rú jáde. Berthollet, ará Faransé, rí i pé ó ń sọ aṣọ di funfun. Ní 1799, Charles Tennant ní Glasgow fi gáàsì náà wọ inú ẹfun tí wọ́n sun tí wọ́n sì fi omi pa, ó di ìyẹ̀fun tó ṣeé dì, tó ṣeé gbé rìn.

Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló gbé kilóríìnì dé inú omi ìlú: Lincoln ní England ní 1905, Jersey City ní Amẹ́ríkà ní 1908. Ní ti adágún ìlúwẹ̀ẹ́, dídà nù àti pípọn tuntun ni ìtọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1910 ni J. W. M. Bunker da ìyẹ̀fun Tennant yìí sínú adágún Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní yàrá ìwádìí ilé iṣẹ́ ọtí Carlsberg ní Dẹ́nmáàkì, Sørensen ti gbé òṣùwọ̀n pH kalẹ̀, èyí tó ń sọ bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tó: bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni pH ń lọ sílẹ̀. Lójú tèmi, pH ni ẹ̀mí iṣẹ́ ìtọ́jú adágún, òun náà sì ni àwọn onílé máa ń gbàgbé. 7.2 sí 7.8 ló dára. Bó bá ti kọjá 8, èyí tó pọ̀ jù nínú kilóríìnì kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, kódà kí ẹ da odidi ike sí i. Òórùn líle tó ń ta lójú kì í sábà jẹ́ pé kilóríìnì pọ̀ jù. Òógùn àti ìtọ̀ ló ti dì mọ́ ọn.

Irú ásíìdì tí Scheele lò náà là ń fi rẹ pH sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ìyẹ̀fun kilóríìnì láé. Gáàsì tó máa jáde ni irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ láti fi pa ọ̀tá ní Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915.

Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo Ìlọrin, omi adágún á dúdú. Lálẹ́, a ó pa ẹ̀rọ, a ó wọ́n álọ́ọ̀mù sí i bíi ti ìyá àgbà. Láàárọ̀, a ó fa erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde, a ó wọn pH, ká tó bu kilóríìnì.