Kí ló dé tí ìkànnì mi fi ń rí tíńtín lórí fóònù?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ìkànnì ìtajà tí mo ṣe dára lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ lórí fóònù, lẹ́tà rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ eèrà. Ìbú fóònù mi jẹ́ píksẹ́lì (àmì iná wínníwínní ojú rẹ̀) 1080, ti kọ̀ǹpútà mi jẹ́ 1366. Ìyàtọ̀ yẹn ò ṣáà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Fóònù yín ló ń ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà lòun. Nígbà tí iPhone jáde ní 2007, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ ìkànnì fún, ojú fóònù náà ò sì ju 320 lọ ní ìbú. Bí wọ́n bá há ìkànnì mọ́ 320, á dàrú. Apple wá jẹ́ kí fóònù máa pe ìbú ara rẹ̀ ní 980, kó tẹ́ ojú ìwé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó tó fún un pọ̀ wọ ojú kékeré rẹ̀. Lẹ́tà tó jẹ́ 16 á wá ku bíi 5. Àwọn fóònù Android náà ń ṣe irú rẹ̀.

Ìlà kan ló ń yanjú rẹ̀. Ẹ kọ meta viewport, àmì tó ń sọ ìbú tí fóònù máa lò, sínú head (apá òkè) HTML, ìyẹn kóòdù ojú ìwé yín, kí content rẹ̀ jẹ́ width=device-width, initial-scale=1. Ẹ ti ní kí fóònù sọ ìbú rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè: Ìyẹn 1080?

Ìdáhùn: Rárá o. Ibí yìí ló rú èmi náà lójú jù nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Píksẹ́lì tí CSS, èdè tí a fi ń ṣètò ìrísí ìkànnì, ń kà yàtọ̀ sí àwọn àmì iná wínníwínní ojú fóònù. Lórí irú fóònù yín, àmì mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró, ló sábà ń para pọ̀ jẹ́ píksẹ́lì CSS kan. 360 ni ìkànnì yín ń rí.

Ìbéèrè: Ṣé kí n wá ṣe ti fóònù lọ́tọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Ẹ ó yí iye owó ọjà padà níbì kan, ẹ ó gbàgbé ibì kejì. Ní 2010, Ethan Marcotte, ẹnì kan tó ń ṣe ìkànnì, ṣàlàyé ohun tó pè ní responsive web design: ìkànnì kan ṣoṣo tó ń nà, tó ń súnkì, bí àyè bá ṣe gbà á. Ẹ kọ ti ojú kékeré ná, kí ẹ wá fi media query, ìlànà CSS tó ń wo bí ojú ṣe fẹ̀ tó, to nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí àyè bá ti fẹ̀.

Àwòrán ńkọ́? max-width: 100% kò ní jẹ́ kó yọ síta, ṣùgbọ́n kò dín ìwúwo rẹ̀ kù, dátà oníbàárà ló ń jẹ. Ẹ fi srcset, ibi tí HTML ti ń to oríṣiríṣi ìwọ̀n àwòrán kan, kó ńlá àti kékeré sílẹ̀, kí browser (ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì) mú èyí tó bá a mu. Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ yá fóònù àtijọ́ kan, kí ẹ fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo ra ọjà níbẹ̀ títí dé ìdí owó sísan.