Ìwé ẹgbẹ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ta ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?

Màmá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íbàdàn. Ẹni mẹ́rìnlá ni wọ́n. Akápò wọn ti kó lọ sí Manchester, ibẹ̀ ló ti ń ṣírò owó. Orí WhatsApp ni gbogbo nǹkan wọn wà: ìwé owó, nọ́ńbà àkáǹtì, títí kan fọ́tò káàdì NIN. Nígbà tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba màmá, wọ́n pè mí. Bí a ṣe sọ ọ́ rèé.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, wọ́n ní WhatsApp láàbò. Ṣé kò wá tó wa ni?

Ìdáhùn: Fún ọ̀rọ̀ sísọ, ó tó, màmá. Láti 2016 ló ti jẹ́ pé orí fóònù ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń tì í pa, kì í sì í ṣí àfi lórí fóònù ẹni tó ń gbà á. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé e kọjá gan-an ò lè kà á. Ṣé ẹ rántí àrokò? Ẹni tí wọ́n fi rán lè gbé e dé ààfin láìmọ ohun tó gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ibi tó ti ń jò kì í ṣe ojú ọ̀nà, inú ilé ni. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí fóònù ń kó pamọ́ sórí Google Drive tàbí iCloud, àwọn ibi ìpamọ́ fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí lábẹ́ àgádágodo yẹn, àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tan ààbò rẹ̀. 2021 ni wọ́n gbé àǹfààní yẹn jáde. Fọ́tò NIN tí ẹ fi síbẹ̀ sì ti lè bọ́ sínú gálárì fóònù gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́. Ọmọ tó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣe géèmù lè rí i, ẹni tó ń tún ojú fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀ náà lè rí i. Ẹ tún wo fáìlì mẹ́ta tó wà níbẹ̀: "Iwe owo", "Iwe owo (1)" àti "Iwe owo to peye". Èwo ló péye níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ọmọ àbúrò mi ní ká kó lọ sí Telegram, pé òun ló láàbò jù.

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí Telegram, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni méjì péré, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣí, ni wọ́n ń tì pa láti fóònù dé fóònù. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ò sí níbẹ̀. Ó dáa fún èrò rẹpẹtẹ. Ẹ̀yin kì í ṣe èrò rẹpẹtẹ.

Ìbéèrè: Google Drive ńkọ́? Akápò fẹ́ràn ẹ̀.

Ìdáhùn: Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀ fún ìwé owó. Ọ̀fẹ́ ni 15GB àkọ́kọ́, ẹ̀yin àti akápò á sì jọ máa kọ sójú ìwé kan náà, kò ní sí "(1)" mọ́. Àwọn náà ń ti fáìlì pa, ṣùgbọ́n ọwọ́ Google ni kọ́kọ́rọ́ wà. Torí náà, màmá, ta lẹ ń sá fún? Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá tàbí ìjọba lẹ ò fẹ́ kó rí i, ẹ wá ibòmíràn. Tó bá jẹ́ olè àti olófòófó, ó tó, tí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń pín in.

Bí wọ́n ṣe ń pín in gan-an ni wàhálà. Tí ẹ bá tẹ "Share", á ní kí ẹ yàn: àwọn tí ẹ kọ ímeèlì wọn síbẹ̀ nìkan, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì. Ìkejì rọrùn, òun lèmi náà yàn fún ẹgbẹ́ àdúgbò wa nígbà kan. Ẹnìkan fi líǹkì náà sórí WhatsApp ìdílé wọn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí fi pè mí, ó ní kí ló dé tí mo kọ gbèsè ₦20,000 síwájú orúkọ ìyá òun. Òótọ́ ni gbèsè náà o, ìyẹn ò dín ìtìjú kù. Ẹ kọ ímeèlì wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀yin àti akápò nìkan lè kọ nǹkan sí i, kí àwọn yòókù máa wò ó.

Èrè míì wà níbẹ̀. Tí ₦45,000 bá di ₦54,000 lóru, ẹ ṣí "Version history": ẹ máa rí orúkọ ẹni tó yí i àti aago tó yí i. Ẹni tó bá gba líǹkì ìta wọlé láìlo ímeèlì rẹ̀ kò ní lórúkọ níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kó wà lórí ímeèlì tiyín. Ẹ ṣí èyí tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀yin àti alága. Google lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún ọdún méjì rẹ́, fáìlì inú rẹ̀ á sì bá a lọ.

Ìbéèrè: Akápò ti dárúkọ Proton àti Nextcloud fún mi rí.

Ìdáhùn: Proton Drive, tó fìdí kalẹ̀ sí Switzerland, ń ti fáìlì pa kó tó kúrò lórí fóònù yín, àwọn tó ni ín ò lè kà á. Àmọ́ tí ẹ bá gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù, tí ẹ ò sì tọ́jú ọ̀nà tí ẹ máa fi gbà á padà, fáìlì yẹn lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tí ẹ máa bẹ̀. CryptPad, tiwọn ní Faransé, fara jọ ọ́ fún ìwé tí èèyàn jọ ń kọ, ṣùgbọ́n inú líǹkì rẹ̀ gan-an ni kọ́kọ́rọ́ wà, ẹni tí líǹkì bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè ṣí i. Ní ti Nextcloud, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 2016, ẹ̀yin lẹ máa gbé e sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá tiyín tàbí èyí tí ẹ háyà. Àtúnṣe rẹ̀, iná rẹ̀, ẹ̀dà ìpamọ́ rẹ̀, ọrùn yín ló wà. Tí kò bá sẹ́ni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn jẹun láàárín yín, ẹ má dán an wò.

Fọ́tò NIN? Mi ò ní kí ẹ gbé e síbì kankan. Ẹ wò ó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti rí i, ẹ pa á rẹ́. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 náà ò fẹ́ kí èèyàn tọ́jú ju ohun tó nílò lọ.

Ìbéèrè: Akápò náà kọ̀wé láàárọ̀ yìí pé kí n fi nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù mi ránṣẹ́ sí òun. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ má fi ránṣẹ́ o! Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń gba WhatsApp mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ó jọ pé wọ́n ti gba ti akápò. Ẹ pè é lórí láìnì rẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ "Settings", ẹ wọ "Account", ẹ tẹ "Two-step verification", kí ẹ fi PIN tiyín sí i.

(Màmá pè é. Kò kọ nǹkan kan. Ọjọ́ méjì ló ti ń wá bó ṣe máa wọ WhatsApp rẹ̀.)

Ìbéèrè: Ibo ni ká ti wá bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣí ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn, ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́rìnlá lẹ sọ fún mi.

Màmá kà á, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún un kà. Mẹ́tàdínlógún.