Bí Àtẹ̀jíṣẹ́ Ṣe Di Ọ̀nà Sí Íntánẹ́ẹ̀tì

Dátà ti tán. Nẹ́tíwọọ̀kì wà digbí, ìpè ń wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí o ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní ṣí. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí á mọ bó ṣe ń dunni tó. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn tẹ̀ láti òkèèrè ń dé inú fóònù yìí láìsí dátà, ohun tí a sì fẹ́ kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ lásán ni òun náà. Kí ló wá dé tí èkejì kò lè gba ibi tí àkọ́kọ́ gbà wọlé? Àwọn kan ti béèrè bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa, wọn kò sì fi mọ sórí ìbéèrè.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó yẹ ká mọ ọ̀nà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbà wọlé. Ní ọdún 1985, Friedhelm Hillebrand, ẹlẹ́rọ ọmọ Jámánì kan, jókòó nídìí táípúráítà nílé rẹ̀ ní Bonn. Ohunkóhun tó bá sọ sí i lọ́kàn ló ń tẹ̀, gbólóhùn kan níbí, ìbéèrè kan lọ́hùn-ún. Bó bá tẹ̀ ẹ́ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ka àlàfo, á ka àmì ìdánudúró. Ó rí i pé ìlà kan sí méjì ni púpọ̀ nínú wọn, àti pé wọn kì í sábà ju 160 lọ. Ó tún wo káàdì táwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn: ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn káàdì kò tó 150. Ó gbà pé 160 tó.

Kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn. Òun àti Bernard Ghillebaert, ọmọ Faransé, wà lára àwọn tó ń ṣètò GSM nígbà náà, ìyẹn ìlànà tí fóònù alágbèéká fi ń bá nẹ́tíwọọ̀kì ṣiṣẹ́, ohun kan ni wọ́n sì ń wò. Fóònù kì í dákẹ́ tán. Bí a kò tilẹ̀ pe ẹnikẹ́ni, òun àti òpó nẹ́tíwọọ̀kì máa ń bára wọn sọ̀rọ̀: mo wà níbí, ìpè kan ń bọ̀, gbé e. Ọ̀nà tóóró kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà náà a sì máa ṣófo lọ́pọ̀ ìgbà. Èrò wọn ni pé kí wọ́n ki ọ̀rọ̀ ènìyàn sínú àlàfo yẹn. Báìtì 140 ló gbà. Bíìtì ni ẹyọ tó kéré jù tí kọ̀ǹpútà ń kà, mẹ́jọ nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ báìtì kan. Bí a bá fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní bíìtì méje, 160 lẹ́tà ni yóò wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán ọ̀nà tóóró yẹn, ó sì fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi ń wọlé láìbéèrè dátà: ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1992, Neil Papworth, ẹlẹ́rọ kan, jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, ó kí Richard Jarvis ti ilé-iṣẹ́ fóònù Vodafone kú ọdún Kérésìmesì. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Jarvis kò lè dáhùn, nítorí fóònù ọwọ́ rẹ̀ kò ní bí a ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí àwa tí à ń kọ Yorùbá mọ nǹkan kan nípa 160 yìí. Àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún un ní à, è, ì, ò, ù àti é nínú, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bí o bá fi ẹ kan ṣoṣo sínú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò yí sí ìlànà míràn tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní bíìtì 16, 160 á sì já sí 70. Ẹ̀ tiẹ̀ ń jẹ àyè méjì, nítorí wọ́n ka àmì ohùn orí rẹ̀ sí ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka ojú ìwé Yorùbá tí wọ́n fi àmì sí lọ́nà yìí á gba ìlọ́po méjì àtẹ̀jíṣẹ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn mí púpọ̀.

Rírán kọ̀ǹpútà mìíràn lọ báni ṣí ojú ìwé ti wà kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọn dá sí i. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lè fi ímeèlì ránṣẹ́ tí wọn kò sì ní ọ̀nà tààrà sórí wẹ́ẹ̀bù. Arthur Secret ṣe ètò kan fún wọn tó ń jẹ́ Agora. O kọ àdírẹ́sì ojú ìwé tí o fẹ́ sínú ímeèlì, o fi ránṣẹ́; Agora lọ ṣí i, ó yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó dá a padà sí ọ nínú ímeèlì. Lójú tèmi, òun ni baba gbogbo ohun tó tẹ̀lé e. Ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe kò ju pé ó gba iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú àpò tó kéré gan-an.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, Google bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà 46645 ni wọ́n ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí. Bí o bá wo bọ́tìnnì fóònù, lẹ́tà GOOGL ni. O béèrè bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí tàbí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ìdáhùn á dé. Ní Íńdíà, àwọn ọ̀dọ́ tó dá ilé-iṣẹ́ Innoz sílẹ̀ ṣe tiwọn sórí nọ́ńbà 55444. Twitter, tó dé ní 2006, mú 140 lẹ́tà nítorí àtẹ̀jíṣẹ́, kí 20 tó kù lè gba orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ní 2012, Google jẹ́ kí àwọn ará Gánà, Nàìjíríà àti Kẹ́ńyà máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ gba Gmail. Ìdáhùn kan sí ìbéèrè kan ni púpọ̀ nínú wọn, kò tíì dé ibi ká máa ṣí ìwé kiri.

Ní ọdún 2012 kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ Sinenjongo ní Cape Town kọ lẹ́tà ní gbangba sí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní South Africa. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn kò ní ilé ìkàwé, pé fóònù wà lọ́wọ́ àwọn àmọ́ owó káàdì wọ́n. Kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí àwọn máa ka Wikipedia lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́tà yẹn wà lára ohun tó mú mi kọ èyí. Ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun kàwé kò yẹ ní ẹni tí à ń dá dúró. Ní 2013, àjọ Praekelt Foundation àti Wikimedia, àjọ tó wà lẹ́yìn Wikipedia, dán an wò lórí Airtel ní Kẹ́ńyà. O tẹ *515#, o kọ ohun tí o ń wá, o mú abala tí o fẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́.

Ní ọdún 2014 ni wọ́n wá ṣe èyí tó ṣí ojú ìwé ní ti gidi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó péjọ síbi MHacks, ìdíje àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní Michigan ṣe áàpù Android kan tí wọ́n pè ní Cosmos. Fóònù á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Twilio, ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè gba àtẹ̀jíṣẹ́ kó sì rán an. Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn á lọ ṣí ojú ìwé náà, á bọ́ àwòrán àti ọ̀ṣọ́ kúrò lára rẹ̀, á fún ìyókù pọ̀ gírígírí, á sọ ọ́ di lẹ́tà àti nọ́ńbà, á gé e sí àtẹ̀jíṣẹ́. Nǹkan bí mẹ́ta ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù á tò wọ́n pọ̀, á tú wọn, ojú ìwé á sì yọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yí i sí lẹ́tà bẹ́ẹ̀, báìtì 120 péré nínú 140 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbé. Ojú ìwé tó jẹ́ mẹ́gábáìtì méjì, bí wọn kò bá bọ́ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀, á gba ẹgbàá mẹ́jọ àtẹ̀jíṣẹ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì pẹ́ tó wákàtí kan àtààbọ̀. Bí wọ́n bá bọ́ ọ tó ku kìlóbáìtì 12, ọgọ́rùn-ún àtẹ̀jíṣẹ́ ni, kò ní tó ìṣẹ́jú kan. Ibi tí ọgbọ́n wọn wà nìyẹn, nínú ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Ọgọ́rùn-ún àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba owó lórí ìkọ̀ọ̀kan, èyí sì dí irú áàpù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà tí a rán níṣẹ́ náà ń rí gbogbo ohun tí à ń kà, nítorí náà kò bójú mu láti gba ibẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Google ti pa nọ́ńbà 46645 tì láti 2013. Àwọn tó ṣe Cosmos gbé kóòdù rẹ̀ sórí GitHub, ibi tí àwọn ènìyàn ń kó kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà kan àti nọ́ńbà kan lè gbé tirẹ̀ kalẹ̀.