Kí Ló Dé Tí Àwọn Alátakò Abẹ́lẹ̀ ní Kúbà Kò Fi Dìde ní Oṣù Kẹrin 1961?

Ìbéèrè: Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 1961, ìsáǹsá ọmọ Kúbà bí 1,400, tí CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ti kọ́ ní iṣẹ́ ogun ní Guatemala, gúnlẹ̀ sí etíkun Playa Girón láti lé Fidel Castro kúrò lórí àlééfà. Àwọn alátakò ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú ìlú kí wọ́n tó dé. Èéṣe tí àwọn yẹn kò fi dìde?

Ìdáhùn: Wọn kò sọ ọjọ́ fún wọn. CIA ń bẹ̀rù pé bí àwọn ará ilé bá gbọ́, Castro náà yóò gbọ́; nítorí náà, ẹnu rédíò ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbọ́ pé ogun ti gúnlẹ̀. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Láti ọjọ́ 15, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ju bọ́ǹbù sí pápá ọkọ̀ òfuurufú ìjọba, ni àwọn agbófinró ti ń kó ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura sí, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ títí tí ọgbà ẹ̀wọ̀n fi kún, tí wọ́n sì ń há wọn mọ́ gbọ̀ngàn eré. Wọ́n tètè rí wọn kó nítorí pé láti oṣù Kẹsàn-án 1960 ni ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ aládùúgbò tí wọ́n ń pè ní CDR sílẹ̀, èyí tó ń ṣọ́ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde ní òpópónà kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ṣé ọmọlẹ́yìn Batista, apàṣẹwàá tí Castro lé lọ, ni àwọn alátakò náà?

Ìdáhùn: Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bá Castro jà sí Batista. Humberto Sorí Marín ni mínísítà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọba tuntun ní 1959. Manuel Ray, mínísítà iṣẹ́ òde tó dá MRP, ẹgbẹ́ kan tó ń tako Castro, sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ló darí iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ní Havana lòdì sí Batista. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n tún fẹ́ lò, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bá jà ti mọ ọgbọ́n náà tinú-tẹ̀yìn.

Ìbéèrè: Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe rí?

Ìdáhùn: Orúkọ àdàpè ni wọ́n ń jẹ́, Rogelio González Corzo, tó ń darí MRR, ẹgbẹ́ alátakò mìíràn, nínú ìlú, ni wọ́n ń pè ní “Francisco”. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, òṣìṣẹ́ kan ní El Encanto, ilé ìtajà ńlá ní Havana, fi ohun abúgbàù kékeré pamọ́ sáàárín aṣọ. Iná jó ilé náà kanlẹ̀. Fe del Valle, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kú sínú iná náà, bẹ́ẹ̀ kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. N kò lè ka ikú rẹ̀ sí nǹkan kékeré, ohun yòówù kí àwọn tó dáná náà máa jà fún.

Ìbéèrè: Kí ló gbẹ̀yìn àwọn olórí?

Ìdáhùn: Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, nǹkan bí oṣù kan kí ogun tó gúnlẹ̀, àwọn agbófinró ká Sorí Marín, González Corzo àti àwọn mìíràn mọ́ ibi ìpàdé nínú ilé kan ní Miramar, àdúgbò kan ní Havana, wọ́n yìnbọn lu Sorí Marín bó ti ń gbìyànjú láti sá. Wọ́n yìnbọn pa àwọn méjèèjì ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Àwọn tó lé ní 1,100 tí wọ́n mú ní Girón padà sí Miami ní oṣù Kejìlá 1962, lẹ́yìn tí wọ́n fi oúnjẹ àti oògùn tó tó mílíọ̀nù 53 dọ́là rà wọ́n padà. Kò sí irú ìràpadà bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan nínú wọn lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́wọ̀n.