Ojú tí àwùjọ fi ń wo Mùsùlùmí àti ìròyìn nípa alákatakítí ẹ̀sìn ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ọ̀nà méjì ni ojú tí àwùjọ fi ń wo Mùsùlùmí ní Ìlọrin àti gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara ń gbà wá. Àkọ́kọ́ ni ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ nípa ara wọn nínú agbo ilé, lọ́jà àti níbi ìnáwó. Èkejì ni ohun tí ìwé ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ayélujára ń gbé jáde nígbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ tàbí tí àwọn agbébọn bá kọlu ìlú. Láti ọdún 2021, ọ̀ràn mẹ́ta ló ti gbé orúkọ Kwara jáde lórí ẹ̀sìn: awuyewuye híjáàbù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ dá sílẹ̀, àríyànjiyàn lórí ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní Ìlọrin, àti ìkọlù àwọn agbébọn. Ọ̀pọ̀ ìròyìn máa ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, pé iṣẹ́ alákatakítí ẹ̀sìn ni, bẹ́ẹ̀ ni ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ṣẹlẹ̀ àti àwọn tó wà nídìí rẹ̀ kò jọra.

Ìlú àti àwọn ènìyàn rẹ̀

Ìlọrin di ìlú ẹ́míìrì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló gba Ṣéù Àlímì, àáfà tó jẹ́ Fúlàní, mọ́ra. Lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, Abdulsalami ọmọ Àlímì di ẹ́míìrì àkọ́kọ́. Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé àti Kànúrí ti jọ ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà náà, èdè Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé. Oyè balógun mẹ́rin tó wà nínú ìlú, ìyẹn Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkobi àti Balógun Alanamu, ṣì ń fi ìran tí wọ́n ti wá hàn. Oríkì ìlú sọ pé ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Àwọn ọmọ Ìlọrin a máa fi í yangàn. Àwọn tó wà níta a sì máa fi í ṣe ẹ̀rí pé ìlú náà kò gba ẹ̀sìn mìíràn láàyè.

Ìlú kéú ni Ìlọrin pẹ̀lú. Sheikh Muhammad Kamalud-Deen al-Adabiy, tó dá ẹgbẹ́ Ansarul Islam sílẹ̀, wà lára àwọn tó da kéú pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìwé ìgbàlódé. Sheikh Adam Abdullah al-Ilory (1917–1992) dá ilé-kéú tí wọ́n ń pè ní Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Àwọn tó kàwé ní ilé-kéú wọ̀nyí tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ìmáámù, olùkọ́ àti òǹkọ̀wé. Apá yìí nínú ìtàn Ìsìláàmù ní Kwara kì í sábà wọ inú ìròyìn, ó sì yẹ kó wọ̀ ọ́, torí òun ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ibẹ̀ fi mọ ẹ̀sìn wọn.

Ìgbé ayé gúúsù Kwara yàtọ̀ díẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ méje ló wà níbẹ̀: Èkìtì, Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Ọ̀fà, Òkè-Ẹrọ́ àti Ọ̀yún. Láàárín àwọn Ìgbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti Èkìtì tó ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe nǹkan tuntun kí ẹ̀gbọ́n máa kírun kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo ẹbí sì jọ jẹ ẹran Iléyá, kí wọ́n tún jọ jẹ ìrẹsì Kérésì. Ẹni tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti mọ Mùsùlùmí ní bàbá, ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ní ọ̀rẹ́, kó tó gbọ́ nípa wọn lórí rédíò.

Iye àwọn ẹlẹ́sìn kọ̀ọ̀kan ní Kwara kò sí nínú ìwé ìjọba. Ètò ìkànìyàn ọdún 1991 àti ti 2006 kò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà àfojúdá ni gbogbo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí àwọn oníròyìn ń kọ nípa Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì níbẹ̀.

Awuyewuye híjáàbù

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jẹ́ èyí tí àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì dá sílẹ̀, tí ìjọba gbà sọ́dọ̀ ní àwọn ọdún 1970, tó sì ń sanwó oṣù àwọn olùkọ́ wọn. Orúkọ ìjọ ṣì wà lára pátákó wọn. Àwọn ìjọ ní àwọn làwọn ni wọ́n, ìjọba ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ènìyàn ni wọ́n. Ilé-ẹjọ́ Gíga Kwara dájọ́ ní 2016, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin dá tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2019, méjèèjì sì gbè sẹ́yìn ìjọba.

Ní oṣù kejì 2021 ìjọba ìpínlẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ní Ìlọrin nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná, ó sì pinnu pé ọmọbìnrin tó bá fẹ́ lè lo híjáàbù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí wọn padà ní oṣù kẹta, àwọn ènìyàn ju òkúta lu ara wọn níwájú ilé-ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi ní Sùúrùlérè, Ìlọrin. Ní oṣù kejì 2022, irú ìjà bẹ́ẹ̀ wáyé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Onítẹ̀bọmi tó wà ní Ìjàgbó, nítòsí Ọ̀fà. Ẹnì kan kú níbẹ̀, àwọn mìíràn fara pa. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún yẹn, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí láre nínú ẹjọ́ híjáàbù tó wá láti Èkó.

Ohun méjì ló wà nídìí ẹjọ́ ti Kwara: ta ló ni ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹ̀tọ́ wo ni akẹ́kọ̀ọ́ ní nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àkọlé ìròyìn sọ ọ́ di ogun láàárín ẹ̀sìn méjì. Àwòrán tó tàn káàkiri ni ti àwọn tó gbé òkúta àti igi lọ́wọ́. Àwọn òbí Mùsùlùmí tó ti ń rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí láti ìgbà tí wọ́n ti wà, àti àwọn olùkọ́ Kìrìsìtẹ́nì tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà lójoojúmọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè sọ̀rọ̀.

Ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní Ìlọrin

Ní 2023, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àáfà kan kìlọ̀ fún ìyá olórìṣà kan pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní Ìlọrin, ọdún náà kò sì wáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà sí Ẹ́míìrì Ìlọrin lórí rẹ̀ ní oṣù keje. Àwọn tó gbè sẹ́yìn ìkìlọ̀ náà ní àlàáfíà ìlú ni wọ́n ń dáàbò bò. Àwọn tó lòdì sí i tọ́ka sí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tí abala 38 rẹ̀ fún oníkálukú ní òmìnira ẹ̀sìn, ìtọ́ka náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ìkìlọ̀ tó dá ẹlẹ́sìn mìíràn dúró kì í ṣe ohun kékeré, Mùsùlùmí ló ṣe é tàbí ẹlòmíràn. Àmọ́ àwọn òǹkọ̀wé kan wá fi ọ̀ràn yìí ṣe ìwọ̀n gbogbo Mùsùlùmí Yorùbá, bíi pé ohùn kan ni gbogbo àáfà ìlú ń sọ.

Ìkọlù àwọn agbébọn

Ọ̀ràn kẹta ló burú jù. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn ènìyàn ń pè ní Mahmuda fi igbó ọgbà ẹranko Kainji ṣe ibùdó, ó sì ń da àwọn abúlé Kaiama àti Baruten láàmú ní àríwá Kwara. Ní oṣù kẹjọ 2025, Nuhu Ribadu, olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, kéde pé ọwọ́ ti tẹ olórí rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí JNIM, tó ti ń jà ní Màlì àti Burkina Faso, sọ pé òun ló ṣe ìkọlù kan ní Kwara, ìkọlù àkọ́kọ́ tó pè ní tirẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC ní Erúkù, ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì jí 38 gbé. Àwọn tí wọ́n jí gbé gba òmìnira ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Ìsìn ń lọ lórí ẹ̀rọ ayélujára lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé, fídíò náà sì dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ní wọ́n ń ni àwọn ẹlẹ́sìn lára, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìròyìn òkèèrè sì fi fídíò yìí ṣe ẹ̀rí pé Kìrìsìtẹ́nì nìkan ni wọ́n ń lé. Ìrora àwọn ará Erúkù kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní oṣù kejì 2026, àwọn agbébọn pa ènìyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní Woro, ní Kaiama. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn, gómìnà ìpínlẹ̀ sì sọ pé nítorí wọ́n kọ ẹ̀kọ́ òdì tí àwọn apànìyàn náà ń wàásù ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní àríwá Nàìjíríà tipẹ́. Sheikh Ja'afar Mahmud Adam, tó máa ń ta ko ẹ̀kọ́ Muhammad Yusuf ti Boko Haram ní gbangba, ni wọ́n pa nínú mọ́ṣáláṣí ní Kano ní 2007. Bọ́ǹbù pa ènìyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní mọ́ṣáláṣí ńlá Kano ní oṣù kọkànlá 2014, ó sì pa àádọ́ta ó kéré tán ní mọ́ṣáláṣí kan ní Mubi ní 2017. Ìròyìn a máa sọ ẹ̀sìn apànìyàn bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n tí Mùsùlùmí bá jẹ́ ẹni tí wọ́n pa, "ará abúlé" ni wọ́n sábà máa ń pè é.

Ọ̀rọ̀ Fúlàní tún wà níbẹ̀. Lórí ètò rédíò tí àwọn olùgbọ́ ti máa ń pe wọlé, "Fúlàní" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ mìíràn fún ajínigbé. Ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà ń ba ọmọ ìlú tí bàbá ńlá rẹ̀ jẹ́ Fúlàní, tí kò da màlúù rí, tí kò gbọ́ Fúlàní, tí Yorùbá nìkan ni èdè abínibí rẹ̀. Ó ń ba àwọn daran-daran tó ti ń gbé lẹ́bàá àwọn ìlú Ìgbómìnà láti ìran dé ìran pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn náà ti pàdánù ẹran àti ènìyàn sọ́wọ́ àwọn agbébọn.

Ìlú òkèèrè

Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò mọ sí Nàìjíríà. Ìwádìí kan tí Erin Kearns, onímọ̀ kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2019 wo ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 2006 sí 2015. Wọ́n rí i pé ìkọlù tí Mùsùlùmí ṣe gba ìròyìn ní ìdá 357 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Ní oṣù kẹta 2019, ẹnì kan pa Mùsùlùmí 51 ní mọ́ṣáláṣí méjì ní Christchurch, New Zealand; Jacinda Ardern, tó jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀ nígbà náà, ní òun kò ní pe orúkọ apànìyàn náà. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta yẹn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn ní 2022 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí a ó máa gbógun ti ìkórìíra Mùsùlùmí.

Ìlànà iṣẹ́ ìròyìn

Èkó àti Ìbàdàn, tàbí Kàdúná àti Abuja, ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn tó ń kọ nípa Kwara ti ń jáde. Ìwé ìròyìn ìjọba ìpínlẹ̀ náà, The Herald, bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Nítorí pé abẹ́ àríwá ni òyìnbó fi Ìlọrin sí, àwọn oníròyìn gúúsù máa ń wò ó bí Òkè Ọya, àwọn ti àríwá sì máa ń wò ó bí ilẹ̀ Yorùbá.

Ìlọrin gan-an ni àwọn àjọ oníròyìn Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ìlànà iṣẹ́ wọn ní 1998. Ìlànà náà ní kí akọ̀ròyìn má fi ọ̀rọ̀ àbùkù tọ́ka sí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, kó má sì ròyìn ìwà ipá àti iṣẹ́ agbésùnmọ̀mí lọ́nà tó máa gbé e ga lójú àwùjọ. Àjọ NBC ní agbára lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n: ní oṣù kẹjọ 2022 ó bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà lé Trust TV lórí ètò kan tó dá lórí àwọn jàǹdùkú, àwọn oníròyìn kan sì ní ìjìyà náà dá ìwádìí tòótọ́ lẹ́kun. Ohùn tí àwọn ènìyàn ká sílẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, níbi tí ọ̀pọ̀ ará gúúsù Kwara ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ìròyìn ìkọlù, kò sí lábẹ́ ìlànà kankan nínú méjèèjì.